Ìbọn Tó Bá Ọwọ́ Mi Mu

Ọmọ mi Royce ló ra ìbọn aláwọ̀ pinki fún mi. Ẹ dákun, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìbọn ìléwọ́ ni, ó kéré débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ohun ìṣeré ni, ó tún wá so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Níhà tiwa ní Arkansas, bí ọkùnrin bá ní ìyá tàbí àbúrò tó ń dá gbé, ìbọn ló máa rà fún un, èyí tó kéré jù tó sì fúyẹ́ jù nínú ṣọ́ọ̀bù ló sì máa mú, pé obìnrin ló fẹ́ lò ó. Bàbá mi ṣe é fún ìyá mi. Hollis, ọkọ mi olóògbé, ṣe é fún àbúrò rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ronú láti sọ fún obìnrin náà pé, "Jẹ́ kí n wo ọwọ́ rẹ ná."

Ọwọ́ mi gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gé adìyẹ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìyẹ ní ìsàlẹ̀ òkè, láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ títí irun mi fi funfun. Adìyẹ ò ní ẹ̀bi. Àmọ́ oríkèé ìka mi ti wú, àtàǹpàkò mi méjèèjì ò sì gbọ́ràn mọ́. Bí mo bá fẹ́ ṣí ìgò èso, ilẹ̀kùn ni mo máa ń fi há ìdérí rẹ̀ kí n tó lè yí i. Bọ́tìnnì ẹ̀wù mi ń gba àkókò ju àdúrà òwúrọ̀ mi lọ. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, orúkọ mi ni Verlene Pruett, n ò sì ráhùn. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ohun tó gbé ìbọn dé ni pé lóṣù Kẹsàn-án, àwọn olè wọ ilé Estel Gaddis tó wà lódìkejì odò kékeré tó pààlà láàárín wa. Wọ́n so bàbá arúgbó yẹn mọ́ àga, wọ́n kó irinṣẹ́ rẹ̀, wọ́n tún fa páìpù bàbà yọ kúrò lára ògiri. Ibẹ̀ ni ó wà títí obìnrin tó ń pín lẹ́tà fi yọjú. Ọlọ́pàá tí wọ́n pè lò tó wákàtí kan kó tó dé ojú ọ̀nà wa. Àtìgbà náà ni Royce kò ti jẹ́ kí n gbádùn lórí fóònù.

"Màmá, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Little Rock."

"Kí n wá ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kí ẹ wá jókòó. Kí ẹ sinmi."

"Mo ń jókòó níbí. Hollis ló kan àga tí mo jókòó lé."

Ilé yìí, Hollis ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Pákó tó wà lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn, èmi ni mo dì í mú nígbà tó ń kàn án. Wákàtí mẹ́ta ni ibí sí Little Rock, bí mo bá sì kó lọ, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n á ti máa pa àgbọ̀nrín lọ́sẹ̀ méjì péré lọ́dún. Ọkàn mi ò lè gbà á. Mo sọ fún un pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, pé màá ṣọ́ ara mi. Ló bá gbé pinki yẹn dé.

Ẹ̀yìn àbà ni a ti dán an wò. Mo fi ìka kan fà á, kò mira. Mo fi ìka méjì pọ̀, ọ̀tún àti òsì, mo ń fà á, ẹnu ìbọn ń rìn káàkiri bí ọ̀mùtí, ó wá bú gbàù! Ohun kékeré yẹn tapá bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àtàǹpàkò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ọta sì gba àárín aṣọ ibùsùn tí mo sá sórí okùn kọjá. Bí Royce bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ì bá sàn. Ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ló fi bá mi sọ ọ́.

"Ẹ wò ó, Màmá. Ṣé ẹ rí i fúnra yín báyìí?"

Mo wọ ilé ìdáná, mo sunkún. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ọwọ́ mi, inú bí mi sí gbogbo adìyẹ tí mo ti gé láyé mi. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo nu ojú, mo jáde padà bá a.

"Jẹ́ ká fi í sí Ọjọ́ Ìdúpẹ́," mo ní. "Bí mo bá fi ọta sínú ìbọn fúnra mi, tí mo yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí mo ba àwo márùn-ún, o ò ní dárúkọ Little Rock sí mi létí mọ́."

"Tí ẹ ò bá bà á ńkọ́?"

"Wá kó mi nígbà náà."

"Ìkankan ò gbọdọ̀ tàsé o, Màmá."

"Ṣé mo ní ó lè tàsé ni?"

Nílé gbogbo ènìyàn níhà tiwa, bí a bá ti jẹ tòlótòló Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tán ní ìparí oṣù Kọkànlá, a máa ń jáde sẹ́yìn àbà lọ yìnbọn sí àwo onípépà. Ẹni tó dàgbà jù ló máa ń kọ́kọ́ yìn. Láti ọdún tí Hollis ti kú, ipò yẹn ti di tèmi, mo sì máa ń ní kí wọ́n fò mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ní láti fi múra sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní oríta, èyí tí wọ́n ti ń ta ìbọn níwájú, tí wọ́n ti ń ta ekòló ìpẹja lẹ́yìn. Mo gbé ìbọn ńlá tí Hollis fi sílẹ̀ dání, nínú àpótí rẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń jẹ́ Travis ló wà nídìí káńtà.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí la fẹ́ rà lónìí?"

"Ìbọn tí màá fi ṣọ́ ilé. Ọwọ́ mi ò lágbára."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìbọn kékeré kan jáde, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti òdòdó. "Èyí làwọn obìnrin máa ń fẹ́."

"Àwọn obìnrin wo?"

"Àwọn... gbogbo wọn. Tàbí kí bàbá ilé bá yín wò ó?"

"Bàbá ilé wà ní itẹ́ òkú láti ọdún mẹ́fà. Ṣé kí n lọ jí i wá?"

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn. Obìnrin kan jáde látibi tí ekòló wà, ó ń fi apuróònù nu ọwọ́, irun rẹ̀ funfun bíi tèmi. Oleta Stroud ni, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, Travis sì jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi, ni ojú rẹ̀ bá ṣubú lu ọwọ́ mi lórí káńtà.

"Ìlà wo?" ó ní.

Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yẹn rí kò lè mọ̀ pé ìlà ẹ̀rọ adìyẹ tí mo ti ṣiṣẹ́ ló ń béèrè. "Ìlà itan," mo ní. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Ìlà apá ni tèmi. Ọdún mọ́kàndínlógún." Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fi ibi tí dókítà ti la ọrùn ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Mo ká tèmi náà, mo sì sọ orúkọ mi fún un. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró níbẹ̀, àgbà méjì, tí à ń fi àpá han ara wa tí a sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n jọ bí.

"Travis," ni Oleta wí, "gbé òdòdó yẹn kúrò níwájú wa kó tó di pé mo fi lù ọ́ lórí."

"Àǹtí, ọwọ́ Màmá ò lágbára. Èyí tó fúyẹ́ ni..."

"Pa ẹnu dé. Ìwọ obìnrin yìí, ṣé inú báàgì lo fẹ́ máa gbé ìbọn rẹ sí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Rárá o. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ni yóò máa wà."

"Kí wá ni èrè fífúyẹ́ fún ọ? Ìbọn tó bá wúwo, ara rẹ̀ ló fi ń gba ìtapá. Èyí tó bá fúyẹ́, ọwọ́ rẹ ló máa fi gbà á. Àwọn kékeré yìí, alágbára gan-an ni wọ́n máa ń dá lóró, wọ́n wá ń kó wọn fún arúgbó."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Kò sí ẹni tó tíì sọ fún mi rí pé ìbọn ni kò dáa, tí kì í ṣe ọwọ́ mi.

Ó kó ìbọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó gbé èyíkéyìí fún mi, á ṣí i, á fi inú rẹ̀ hàn mí pé kò sí ọta níbẹ̀, èmi náà á sì yọjú wò ó. Ó gbé ìbọn gígùn tí wọ́n fi ń pa pẹ́pẹ́yẹ fún mi. Mo lè gbé e, àmọ́ nígbà tí mo ronú bí màá ṣe yí pẹ̀lú rẹ̀ láàárín ibùsùn àti àpótí aṣọ, mo dá a padà. Mo wá mú ti Hollis. Ìbọn yẹn, ó ní irin kan lórí tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fà á sẹ́yìn kí ọta àkọ́kọ́ tó lè wọlé. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún un, mo fà, mo fà, òógùn bò mí. Kò yẹ̀. Ojú tì mí níwájú Travis.

"Ṣé o rí i?" mo sọ fún Oleta. "Ibí yìí ni wàhálà mi wà."

"Ta ló ní kí o fi ìka fà á? Nídìí ìlà, ṣé ìka lo fi ń ya itan kúrò lára ẹ̀yìn?"

Mo ronú sí i. "Rárá. Màá di itan mú pẹ̀lú gbogbo àtẹ́lẹwọ́ òsì, màá sì jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́. Èjìká ọ̀tún ni mo máa fi ń ti ọ̀bẹ lọ."

"Kí ló dé tí o fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó bá ń fi ìka ṣe é kì í lò tó oṣù mẹ́ta kó tó sá."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó mú ìbọn mìíràn, tí kò tóbi tí kò sì kéré, ó wúwo dáadáa. Ó ní àwọn tó ṣe é fi sípíríǹgì tó rọ̀ sínú rẹ̀ nítorí irú àwa. "Kọjú ẹnu rẹ̀ sí ògiri tí kò sí ẹnì kankan. Ìka rẹ kò gbọdọ̀ sí níbi tí wọ́n ti ń fà á. Ó dáa. Fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ òsì bo irin òkè yẹn, dì í mú bí itan adìyẹ. Má fà á o! Jẹ́ kó dúró. Wá fi èjìká ọ̀tún ti ìdí ìbọn síwájú."

Mo dì í mú. Mo tì í. Irin yẹn ṣí kẹrẹ, ó sì padà sí àyè rẹ̀, ìka mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo tún un ṣe. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ti wí i, àmọ́ wọn ò sọ fún mi pé iṣẹ́ tó ba ọwọ́ mi jẹ́ ti kọ́ èjìká mi ní ọgbọ́n.

Travis tún dá sí i. "Màmá, ọta ìbọn yẹn kéré díẹ̀ o. Bí olè bá sanra..."

"Ìwọ náà sanra," ni Oleta wí. "Lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí Verlene yìn ín sí ọ nínú, ká mọ bó ṣe máa rí."

Travis wá nǹkan ṣe lẹ́yìn.

"Ọta kékeré tó lọ síbi tí o rán an," ni Oleta wí fún mi, "ó sàn ju ńlá tó lọ gba aṣọ ibùsùn kọjá." Mo ti sọ ìtàn pinki fún un.

Ó tún ku ohun kan. Títi ọta sínú ilé rẹ̀ ń pa àtàǹpàkò lára, ní ọta kejì ni tèmi ti kọ̀. Oleta fún mi ní ike kékeré kan tí wọ́n ń fi tẹ ọta wọlé, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń fi tẹ̀ ẹ́. Ó sì mú àpótí onírin kan tí n óò máa tọ́jú ìbọn náà sí, tí kò nílò kọ́kọ́rọ́ tí ìka ń yí, nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n ń tẹ̀. Mo sanwó gbogbo rẹ̀, mo sì yan nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò lè ronú kàn.

Láàárọ̀ láàárọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, màá ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe kí wọ́n tó tan ìlà, màá wá ti irin náà ní ogún ìgbà, ìbọn òfìfo. Lọ́jọ́ Ẹtì, Oleta máa ń wá, a ó jọ yìn ín sí ẹsẹ̀ òkè tó wà lẹ́yìn àbà. Lọ́sẹ̀ kìíní, nínú márùn-ún, méjì ni mò ń bà. Ọwọ́ ń dùn mí dé ìgbọ̀nwọ́, mo sì ń bú Hollis pé kò sí nílé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó di mẹ́rin. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Ọjọ́ Ìdúpẹ́, mo ba márùn-ún, Oleta sì ní òun ò ní kọ́ mi ní nǹkan kan mọ́, kí n má lọ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òun.

Royce dé ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Òun nìkan ló wá. Kendra ìyàwó rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà ìrúwé, ó sì ti kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Texas fún ọdún Ìdúpẹ́ náà. Mo jáde lọ kí i, mo wá rí i pé ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kún fún páálí òfìfo tí ó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó fi okùn dì wọ́n.

"Kí nìyẹn?"

"Páálí ni, Màmá. Bí... bí a bá nílò rẹ̀."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo fẹ́ bú u bú ilé iṣẹ́ tó ṣe páálí. Mo kàn ní kó wá jẹun. Òun àti Oleta tí mo ti pè àti èmi, a jẹ tòlótòló, a sì jẹ ànàmọ́ dídùn tí mo fi ṣúgà sí.

Royce to àwo onípépà márùn-ún sórí ìdì pòròpórò tó wà lẹ́yìn àbà, ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Òtútù mú lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láti orí òkè. Mo jókòó sórí garawa, mo fi ike tẹ ọta márùn-ún wọlé, Royce sì ń wò mí bí mo ṣe ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dìde. Mo di irin òkè mú, mo tì í. Ó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Òtútù ti gan ìka mi.

Royce ti gbé ẹsẹ̀. "Ẹ jẹ́ n bá yín..."

"Dúró síbi tí o wà!"

Ó dúró. Mo gbé ìbọn sórí tábìlì tí a gbé síta, mo ki ọwọ́ méjèèjì sí abíyá, mo sì dúró. N ò kánjú. Nílé iṣẹ́ adìyẹ, ẹni tó bá kánjú ló máa ń gé ara rẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ̀jẹ̀ tó padà sí ìka mi. Mo mú ìbọn. Mo di itan mú, mo fi èjìká tì í, ọta wọlé.

Gbàù. Àwo kìíní ṣubú. Ìkejì, eteetí rẹ̀ ni mo bà, àmọ́ ó ya. Ìkẹta. Ìkẹrin. Mo mí sí inú, mo mí jáde díẹ̀, mo fa ìkarùn-ún, ihò sì lu àárín gbùngbùn rẹ̀.

Oleta ké bí ẹni tí Ẹ̀mí gbé. Mo ṣí ìbọn, mo wò ó pé ó ṣófo, mo gbé e kalẹ̀. Mo ti gba ilé mi. Mo yíjú láti wo ọmọ mi, kí n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, àmọ́ ó ti lọ síbi pòròpórò, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó di àwo karùn-ún mú.

Mo lọ bá a. "Ṣé inú rẹ ò dùn ni?"

"Inú mi dùn, Màmá. Ẹ ṣe é."

"Irọ́ lo ń pa. Kọjú sí mi."

Ó kọjú sí mi. Ọkùnrin ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, tó di àwo onípépà mú mọ́ àyà.

"Mo ti kun yàrá yẹn fún yín," ó ní. "Mo ti sọ fún gbogbo wọn níbi iṣẹ́ pé ìyá mi ń bọ̀. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, inú ọkọ̀ ni mo máa ń jókòó sí níwájú ilé. Ó ń tó wákàtí kan nígbà mìíràn. N ò fẹ́ wọlé. Kò sí ohùn ẹnì kankan níbẹ̀, Màmá. Mo ń gbàdúrà kí ẹ tàsé. Ọlọ́run á dárí jì mí, mo ń gbàdúrà kí ẹ tàsé."

Ojú tì mí. Gbogbo oṣù tó fi ń pè mí, mo rò pé èmi ni ẹ̀rù ń bà á fún, èmi sì ń fi agídí dá a lóhùn bí ẹni ń na ajá. N kò béèrè rí pé báwo ni òun náà ṣe ń sùn.

"Royce," mo ní, "n ò ní bá ọ lọ. N ò ní purọ́ fún ọ, ibí ni màá kú sí."

"Mo mọ̀, Màmá."

"O ò tíì mọ̀. Bí o bá ti kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, má ṣe yà sí ilé yẹn rárá. Ibí ni kí o máa bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, o lè tibí lọ síbi iṣẹ́, bí o bá jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Títí tí wàá fi lè wọ ilé rẹ."

"Wákàtí mẹ́ta ni, Màmá."

"Mo mọ bó ṣe jìnnà tó. Ṣebí ọ̀nà yẹn náà lo fẹ́ kó mi gbà lọ?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹkún ló jáde. Ó tẹ̀ ba, ó gbé orí lé èjìká mi, ọkùnrin gìrìwò bẹ́ẹ̀, ó ń sunkún bí ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Mo gbé ọwọ́ mi lé e lórí, oríkèé wíwú àti gbogbo rẹ̀, mo sì fi í síbẹ̀ títí ó fi ṣe tán. Oleta, obìnrin tó gbọ́n, ti wọlé lọ gé páì.